Ìbéèrè Mẹ́sàn-án

Wọ́n ní kí n máa bi wọ́n tẹ̀rín-tẹ̀rín,
kí n má fajú ro, kí n má ṣe bí ọlọ́pàá.
Ìwé mi wà lórí tábìlì, bírò mi wà létí,
òjò àárọ̀ ṣì ń kán láti orí páànù
yàrá kékeré tí wọ́n fún mi nílé ẹ̀kọ́, l'Ókèsà.

Ìbéèrè mẹ́sàn-án péré ni, èdè rẹ̀ rọ̀:
“Láti ọdún tó kọjá, ǹjẹ́ o ti ta tẹ́tẹ́ rí?
Ǹjẹ́ o ti purọ́ rí nípa iye tó bá a lọ?
Ṣé ara rẹ máa ń gbóná bí o kò bá rí i ta?”
Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́.
Kí ọmọ fa igi sínú àpótí, kó máa lọ.

Ìlésanmí wọlé, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún,
ó ga bí òpó iná, ẹ̀wù rẹ̀ ti kúrú lápá.
Ó kí mi dáadáa. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni.
Ó fa igi sí “Bẹ́ẹ̀ kọ́” láti òkè dé ìsàlẹ̀,
kò mí,
bí ẹni tó ń sáré ti ṣọ́ọ̀bù nígbà tí òjò ṣú.
Mo wo ọwọ́ rẹ̀ kejì.
Àtàńpàkò ń rìn lórí orúnkún,
ó ń fa nǹkan tí kò sí níbẹ̀ lọ sókè,
ó dúró, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́.

Mo mọ irú àtàńpàkò bẹ́ẹ̀.
Àwọn ọmọ tí kò dé Òṣogbo rí
mọ agbábọ́ọ̀lù tó rọ lẹ́sẹ̀ ní ìlú yìnyín,
wọ́n mọ ọjọ́ tí yóò padà sórí pápá.

Àwọn baba ńlá wa, Ìjẹ̀ṣà aláṣọ àwìn,
a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè:
“Òṣòó ni mà á ló títí n ó fi gbowó mi.”
Fóònù ló wá lóṣòó sínú àpò ọmọ wa báyìí.
Kì í pariwo. Kì í béèrè omi mu.
Ó kàn ń gbọ̀n díẹ̀ lára itan:
ó kù díẹ̀, ẹyọ kan ló gé tìkẹ́ẹ̀tì Sátidé,
fi ti owó ìdánwò kún un.

Ó yẹ kí n ní “O ṣé,” kí n pe ẹlòmíì,
ogójì ọmọ ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì níta.
Mo dé bírò mi, mo béèrè èyí tí kò sí nínú ìwé:
“Ta lo kọ́kọ́ bá ta á?”

Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kán lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
“Bàbá mi ni. Mo wà ní púrámárì tú.
Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé mọ́, kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni.
Wọ́n á kọ nọ́ńbà sínú ìwé pélébé,
èmi á sáré gbé e lọ sí kíóṣì n'Ísọ̀kùn.
Lọ́jọ́ tó bá wọlé, wọ́n á ra súyà,
wọ́n á gbé mi kọ́rùn, wọ́n á ní orí mi ni.
Lọ́jọ́ tí kò bá wọlé…”
Ó dákẹ́ síbẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù,
níbi tí òbí ti fọwọ́ sí i pé ká yẹ ọmọ òun wò,
tó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i,
tó fi ìlà kékeré dábùú gbogbo méje.
“Bí wọ́n ṣe ń kọ méje nígbà yẹn náà nìyẹn.”

Ó bi mí bóyá òun lè pààrọ̀ ohun tí òun kọ.
Mo na bírò sí i.
Ó pẹ́ kó tó kọ nǹkan kan. Agogo lù,
ẹsẹ̀ ọmọ kún kọ́rídọ̀, ó sì tún dá.
Ó fagi lé ẹyọ kan: ìbéèrè irọ́ yẹn.
Bẹ́ẹ̀ ni.
“Ìyẹn nìkan lónìí, Nọ́ọ̀sì.”

Mo ní kó padà wá lọ́jọ́rú.
Nígbà tó ń jáde, mo wá àtàńpàkò yẹn,
ó ti kì í bọ àpò.